Yàrá olú nínú ilé ọkọ̀

Yàrá olú nínú ilé ọkọ̀ ni ààyè tí ènìyàn tọ́jú nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò, kí olú lè máa hù níbẹ̀ láì dúró de òjò. Ilé ọkọ̀ tí à ń sọ ni èyí tó lẹ̀ mọ́ ilé gbígbé tàbí tó dá dúró nínú ọgbà, kì í ṣe gáréèjì tí èrò ti ń wọkọ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, kì í ṣe ohun àjèjì kí irú ilé bẹ́ẹ̀ má rí mọ́tò rí: àga tó ti kán àti garawa òfìfo ló ń gbé ibẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ olú, tí kì í ṣe ẹ̀fọ́

Ní ilẹ̀ olótùútù, gílóòbù ni wọ́n máa ń gbé kọ́ sórí ẹ̀fọ́ nínú ilé, torí oòrùn wọn kò tó. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ká sanwó. Gílóòbù oníwáàtì 100 tó bá tàn fún wákàtí 14 lójúmọ́ yóò jẹ yúnìtì iná 1.4, ìyẹn 42 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tòmátì tó bá sì máa so yóò fẹ́ ju gílóòbù kan lọ. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gílóòbù kọ́, kó fi tọ́jú ọmọ ata àti ọmọ tòmátì kí ó tó lọ tún wọn gbìn síta.

Olú kò ní àwọ̀ ewé, kì í fi ìmọ́lẹ̀ wá oúnjẹ. Igi, koríko àti pàǹtírí oko ló ń jẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí ènìyàn lè fi ka lẹ́tà ti tó o. Pleurotus ni ìdílé olú tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pleurotus ostreatus ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n Pleurotus pulmonarius fara da ooru jù ú lọ.

Ilé náà

Páànù ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Lóṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, abẹ́ páànù tí kò ní àjà lè gbóná ju ohun tí olú lè gbà lọ, nítorí náà àjà ṣe pàtàkì, kí wọ́n sì fi fóòmù sí i. Ọ̀dà funfun lórí páànù náà máa ń dín ooru kù. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ dára, torí wọ́n lè da omi sí i, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́.

Ìṣòro kejì ni ọyẹ́. Nígbà tí olú bá ń yọ, ó ń fẹ́ kí ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín ìdá 80 sí 95 nínú 100, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì máa ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ènìyàn ń là. Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n fi kọ́ ògiri, àti iyanrìn tútù nílẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ olówó ńlá ń ṣe. Wọ́n á máa fọ́n omi sára ògiri ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Tí omi bá ń kán sórí olú kéékèèké, wọn á jẹrà.

Síbẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ dí yàrá náà pa nítorí ọ̀rinrin. Olú ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Tí afẹ́fẹ́ bá há, ọrùn rẹ̀ á gùn, orí rẹ̀ á kéré. Ihò nílẹ̀ àti lókè ògiri, tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò, ló ń yanjú èyí. Ilé mọ́tò kan, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó gùn ní mítà 6, ṣeé fi aṣọ tàbí ọ̀rá pín sí méjì: apá kan ṣókùnkùn, apá kejì fún yíyọ.

Jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èéfín wọn ní gáàsì kabọ́ọ̀nù mónókísáìdì tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn.

Iṣẹ́ inú rẹ̀

Iyẹ̀ pákó láti ilé ìlagi ni wọ́n sábà máa ń lò. Èyí tó wá lára pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn kò dára. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ náà wúlò. Wọ́n á fi èèrí ọkà kún un, ìdá 10 sí 20 nínú 100, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sì fún un lọ́wọ́: ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kó o sínú ọ̀rá tó gba ooru, wọ́n á tò ó sórí irin nínú àgbá tó ní omi nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi ooru omi sè é fún wákàtí 4 sí 8, bí ọ̀rá náà bá ti pọ̀ tó.

Nígbà tó bá tutù pátápátá ni wọ́n á fi irúgbìn sí i, ìyẹn hóró ọkà bàbà tí òwú olú (fọ́nrán funfun tó dà bí gbòǹgbò rẹ̀) ti bò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Ọ̀ṣòdì wà lára àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Wọ́n á pa fáànù, wọ́n á sì fi sípírítì nu ọwọ́, torí ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ọ̀rá tó bá ní àwọ̀ ewé lára ti bu, wọ́n á gbé e jáde láì tú u nínú yàrá.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 nínú òkùnkùn, òwú funfun á ti bo gbogbo ọ̀rá. Wọ́n á gbé e bọ́ sí apá ìmọ́lẹ̀, wọ́n á la ọ̀rá náà, olú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n ń ká a kí etí orí rẹ̀ tó yí sókè, torí lẹ́búlẹ́bú tó ń tú jáde lára olú tó bá gbó lè fa ikọ́ àti ibà fún ẹni tó ń fà á símú lójoojúmọ́. Ìbòmú yẹ, ilẹ̀kùn tó wọ pálọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa wà ní títì. Lẹ́yìn ìkórè ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, wọ́n á da ohun inú ọ̀rá náà sí ìdí ẹ̀fọ́, wọ́n á sì fọ yàrá kí wọ́n tó kó ọ̀rá tuntun wọlé.