Ìdílọ́wọ́ asáré nínú béèsìbọ́ọ̀lù àti sọ́fítìbọ́ọ̀lù

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ojú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo gbogbo eré. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan ní Mayfair tàbí Lágéré bá rí i lórí fóònù pé rẹfirí béèsìbọ́ọ̀lù ní kí asáré jáde, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Kò kúkú mọ̀ọ́mọ̀!" Ẹ̀sùn yẹn ló yẹ ká tú wò, torí pé nígbà míì ó bá òfin mu, nígbà míì kò bá a mu rárá.

Ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù yóò sáré lọ sí béèsì kìíní, ìyẹn ibùdó àkọ́kọ́ lórí pápá, yóò máa ti ọ̀kan bọ́ sí òmíì títí yóò fi padà délé, ìyẹn ibi tó ti gbéra, kó lè gba àmì kan. Àwọn aṣọ́pápá, ìyẹn ẹgbẹ́ kejì, ń wá bí wọn yóò ṣe mú bọ́ọ̀lù kí wọ́n lè lé e jáde. Tí asáré bá dí wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ìdílọ́wọ́ nìyẹn. Eré dúró lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan á jáde.

Bọ́ọ̀lù tí igi gbá ni òfin rẹ̀ le jù. Aṣọ́pápá tó ń lọ mú un ló ni ọ̀nà, kódà kó dúró sáàárín ibi tí asáré fẹ́ gbà kọjá gan-an. Asáré ni kó yà fún un. Tó bá kọlù ú, ó ti jáde, ì báà jẹ́ pé ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn. Rẹfirí ò ní béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo fara mọ́ òfin yìí gidigidi, torí ẹni tó gbójú sókè wo bọ́ọ̀lù ò lè máa ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀.

Bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ jù yàtọ̀. Tó bá ba asáré lára, kò sẹ́ṣẹ̀, àyàfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ara sí i. Lọ́dún 1978, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin World Series, àṣekágbá líìgì ńlá Amẹ́ríkà, Reggie Jackson, asáré ẹgbẹ́ Yankees, ti jáde ná, àmọ́ ó dúró sójú ọ̀nà, bọ́ọ̀lù tí Bill Russell, aṣọ́pápá ẹgbẹ́ Dodgers, jù sí béèsì kìíní bà á ní ìbàdí, ó sì yà. Ẹgbẹ́ Dodgers pariwo pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àwọn rẹfirí ò gbà, Yankees gba àmì kan níbẹ̀, wọ́n sì borí. Ẹ wo fídíò rẹ̀ fúnra yín. Lójú tèmi, ó fi ìbàdí lé bọ́ọ̀lù náà.

Ọ̀nà béèsì kìíní ní òfin tirẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 90 ni nínú béèsìbọ́ọ̀lù, 60 nínú sọ́fítìbọ́ọ̀lù. Láti ìdajì rẹ̀ lọ, wọ́n fa ìlà tí asáré gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá sáré níta ìlà, tó sì dí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù ní béèsì lọ́wọ́, ó ti jáde, kò sí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀. Ní 2024, líìgì ńlá Amẹ́ríkà mú ọ̀nà yìí fẹ̀ sí i.

Aṣọ́pápá náà lè jẹ̀bi. Ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, tí kò sì lọ mú un, kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà mọ́ asáré. Nínú World Series 2013, Will Middlebrooks ti Red Sox ṣubú sílẹ̀ nídìí béèsì kẹta, Allen Craig ti Cardinals sì kọsẹ̀ lára rẹ̀. Middlebrooks ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, síbẹ̀ rẹfirí fún Craig ní ilé, Cardinals sì fi àmì yẹn borí, 5 sí 4.