Kì Í Ṣe Ijó Ni Ẹranko Inú Àgò Ń Jó

Nígbà tí ọdún Iléyá tàbí ọdún Àjíǹde bá dé, ọ̀pọ̀ òbí ní Abẹ́òkúta a máa kó àwọn ọmọ wọn lọ wo ẹranko, àwọn mìíràn ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà, àwọn mìíràn nínú ọgbà ẹranko tó wà ní Ilé Ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Bí a ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì àti irú ẹranko tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Èyí tí a kì í sábà ṣàlàyé ni ohun tó ń kọjá láàárín ẹni tó dúró lẹ́yìn wáyà àti ẹranko tó wà nínú àgò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ̀ bóyá ọgbà ẹranko kan ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ibẹ̀ náà ni àṣìrò kan ti fìdí múlẹ̀, àṣìrò tó ń bí ẹnikẹ́ni tó bá ti fara balẹ̀ wo ẹranko nínú: pé èyí tó ń rìn kiri láìsinmi ni ara rẹ̀ yá, àti pé èyí tó sùn tàbí tó fara pamọ́ ń fi owó àlejò ṣòfò.

Àwọn ẹranko ajẹran kan wà tí wọ́n máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wáyà lọ, tí wọ́n á dé igun, tí wọ́n á yí orí, tí wọ́n á tún gba ibẹ̀ bọ̀, títí tí ẹsẹ̀ wọn yóò fi la ojú ọ̀nà tí koríko kò hù sí mọ́. Àwọn ọmọdé a pàtẹ́wọ́ fún wọn, àwọn àgbàlagbà a sì sọ pé wọ́n ń jó, tàbí pé wọ́n ń kí èrò káàbọ̀. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹranko ka irú ìrìn bẹ́ẹ̀, tí ẹranko ń ṣe léraléra láìlé ohunkóhun, sí àmì pé ohun kan tí ẹ̀dá rẹ̀ ń béèrè ni kò rí ṣe. Ní 2003, Ros Clubb àti Georgia Mason tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, nínú èyí tí wọ́n ti fi oríṣiríṣi ẹranko ajẹran inú àhámọ́ wéra. Wọ́n rí i pé irú èyí tó máa ń rìn jìnnà jù nínú igbó ni ó máa ń lọ tó máa ń bọ̀ jù nínú àgò, òun náà sì ni ọmọ rẹ̀ máa ń kú jù ní kékeré. Ó yẹ kí a fi kún un pé ìrìn yìí lè di bárakú, kí ó sì wà lára ẹranko pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e lọ sí ibi tó sàn. Nítorí náà a kò lè fi í dá olùtọ́jú tó wà níbẹ̀ lónìí lẹ́bi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọgbẹ́ ibi tí ẹranko náà ti ń bọ̀ ni.

Kìnnìún ní tirẹ̀ a máa sinmi fún nǹkan bí wákàtí 16 sí 20 láàárín ọjọ́ kan, kódà nínú igbó tí kò sí ẹni tó há a mọ́. Èyí tó na gbalaja sábẹ́ igi ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn Abẹ́òkúta ti mú àpáta gbóná débi tí ọwọ́ kò ṣe é gbé lé, ń ṣe ohun tí kìnnìún ń ṣe ni, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ju òkúta lù ú kí ó lè dìde. Bákan náà ni ọ̀bọ tó ṣí eyín sí ènìyàn kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà á tàbí ó ń kìlọ̀, bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá sì tẹjú mọ́ ọn, tó ń rẹ́rìn-ín padà, eyín onítọ̀hún náà ni ọ̀bọ rí.

Heini Hediger, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó darí ọgbà ẹranko ní Bern, ní Basel àti ní Zurich, ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìmọ̀ tó ní ìlànà ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ó ṣàlàyé pé gbogbo ẹranko ìgbẹ́ ló ní ìwọ̀n ibi tí ó lè gbà kí ohun tó ń bà á lẹ́rù sún mọ́ òun dé. Bí ènìyàn bá kọjá ìwọ̀n yẹn, ẹranko yóò sá. Bí kò bá rí ibi sá sí, yóò gbéjà kò ó, tàbí kí ó dúró gbagidi kí àyà rẹ̀ máa lù. Ìṣòro àgò kékeré hàn kedere níbí. Bí ẹtu kan bá fẹ́ kí ènìyàn jìnnà sí òun ní mítà 20, tí àgò rẹ̀ kò sì ju mítà 10 lọ, kò sí ibi kankan nínú ilé rẹ̀ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìwọ̀n yìí a máa dínkù bí ojú ẹranko bá ṣe ń mọ́ ènìyàn sí, pàápàá èyí tí wọ́n bí sínú ọgbà, ṣùgbọ́n ariwo, lílu wáyà àti ọ̀pọ̀ èrò a tún máa fà á gùn padà.

Ètò ilé àwọn baba wa ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Agbo ilé àtijọ́ ní ojúde, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní yàrá, ó sì ní ìyẹ̀wù. Ẹnikẹ́ni lè gba ojúde kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń gba àlejò. Ará ilé ló ni yàrá. Ní ti ìyẹ̀wù, onílé nìkan ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí àlejò tó gbọ́n tí yóò pe baálé ní ahun nítorí pé kò gbé ibùsùn rẹ̀ sí ojúde. Nítorí pé baálé ní ìyẹ̀wù tó lè wọ̀ nígbà tó bá wù ú ni ó ṣe ń fi ọ̀yàyà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń jẹ́ kíkí, tí ó sì ń ní kí wọ́n gbé obì wá. Ká wá ní wọ́n wó ìyẹ̀wù náà, wọ́n la fèrèsé sí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn èrò ń yọjú wọlé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gbá ògiri, wọ́n ń sọ ẹ̀pà lu baálé kí ó lè kọjú sí wọn. Láìpẹ́ baálé yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ilé, àwọn tó wà lójú fèrèsé yóò sì máa sọ fún ara wọn pé ara bàbá yá. Àgò tí wáyà yí ká, tí àlejò lè yí po tọwọ́-tẹsẹ̀, kò yàtọ̀ sí ilé yẹn.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní ọgbà ẹranko Belfast, ní Àríwá Ireland, wọ́n ta àwọ̀n aláwọ̀ igbó sí iwájú ibi tí àlejò ti ń wo gòríllà, wọ́n sì ṣọ́ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2004, fi hàn pé ìjà láàárín àwọn gòríllà dínkù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìṣe àṣetúnṣe tí kò nídìí. Àwọn àlejò, tí ènìyàn ì bá rò pé inú yóò bí pé àwọ̀n dí wọn lójú, tún wá rí àwọn gòríllà náà bí ẹranko tó dùn ún wò díẹ̀ sí i, tí kò sì rorò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni ìwádìí mìíràn jáde lórí irú ẹkùn kékeré kan tó ti igbó Éṣíà wá, tí wọ́n ń sìn ní àwọn ọgbà Àríwá Amẹ́ríkà. Ìgbẹ́ tí àwọn ẹranko náà yà ni wọ́n fi wọn họ́mọ́ònù, èròjà kan tó máa ń pọ̀ lára nígbà ìpayà. Ti àwọn tí àgò wọn ga kò pọ̀; ti àwọn tí wọ́n gbé síta gbangba fún àlejò, àti ti àwọn tí ojú wọn ń tó ẹranko apanijẹ mìíràn, pọ̀. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ọ̀nà yìí, nítorí pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹranko, kò sí ẹni tó gún un lábẹ́rẹ́, ohun tí olùtọ́jú ń gbá dànù láàárọ̀ ló jẹ́rìí fún ohun tí ẹranko kò lè fi ẹnu sọ.

Ìyẹ̀wù ẹranko ni ilé ìsùn rẹ̀, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn àgò, tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọgbà kékeré ti ń ṣe ohun tí kò dára. Bí àlejò bá ti ń dé, wọ́n á lé ẹranko síta, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn náà, kí ẹni tó sanwó má baà bá àgò òfìfo. A lè lóye rẹ̀, nítorí pé owó ẹnu ọ̀nà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ẹran àti oògùn, kìnnìún kan ṣoṣo sì lè jẹ ẹran kìlógíráàmù 5 sí 7 lóòjọ́. Síbẹ̀ ọ̀nà òdì ni, ó sì ń ba ìran náà gan-an jẹ́, nítorí ẹranko tí kò ní ibi tó lè padà sí yóò lọ ká jọ sí igun tó jìnnà jù.

Ohun tó sàn jù ni kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dùn ju ìyẹ̀wù lọ. Kí òjìji àti omi wà ní iwájú, níbi tí ojú àlejò tó. Kí wọ́n tọ́jú díẹ̀ nínú oúnjẹ ọ̀bọ pamọ́ sínú ihò igi tàbí abẹ́ koríko, kí ó fi wákàtí bíi mélòó kan wá a, nítorí wíwá oúnjẹ ni iṣẹ́ tí ọ̀bọ ń ṣe jù nínú igbó. Kí ibi ìjókòó ẹranko tó ń gun igi ga ju orí àlejò lọ, nítorí ẹni tó wà lókè kì í bẹ̀rù tó ẹni tí wọ́n ń wò láti òkè. Kí ẹ̀gbẹ́ kan péré wà fún wíwò, kí wọ́n gbin ọparun dí ìyókù. Kò sí èyí tó gba owó rẹpẹtẹ nínú wọn.

Ti oúnjẹ tí àlejò ń jù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ògòǹgò lè gbé ọ̀rá omi mì, bisikíìtì a máa ba ìwọ̀n tí dókítà ẹranko là sílẹ̀ jẹ́, ikọ́ ènìyàn sì lè ran ìnàkí. Èyí tó yẹ kí a kíyè sí ni pé kì í ṣe gbogbo ẹranko ló ń sá fún ènìyàn. Odídẹrẹ́ tí wọ́n fọwọ́ tọ́ láti kékeré lè máa wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ a sì bàjẹ́ bí kò bá rí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà olùtọ́jú tó mọ ẹranko rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kó sọ èyí tí àlejò lè sún mọ́.

Fún olùkọ́ tó fẹ́ kó ọmọ iléèwé lọ, òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀, tí ooru kò tíì mú, tí àwọn olùtọ́jú sì ń pín oúnjẹ. Bí àwọn ọmọ bá dúró jẹ́ẹ́ níwájú àgò tó dà bí òfìfo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí òòrẹ̀ tó fúnra rẹ̀ rọra jáde wá.