“En” tàbí “ett”: ohun tí jẹ́ńdà jẹ́ nínú èdè Swídìn

Ẹ̀kọ́ kẹta la wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo kọ́kọ́ dá gbólóhùn ṣe fúnra mi ní èdè Swídìn. Mo kọ ọ́ pé “Jag har en bord”, mo ní tábìlì kan. Inú mi dùn sí i. Olùkọ́ wa kò bá mi wí. Wọ́n kàn fi àwọ̀ pupa fa ìlà sábẹ́ “en” lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kọ “ett” sórí rẹ̀. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní “ett” ni tábìlì ń gbà. Àga ńkọ́? “En” ni. Fèrèsé? “Ett.” Ilẹ̀kùn? “En.” Mo wo yàrá mi yíká, mi ò rí ohun tó pa fèrèsé àti tábìlì pọ̀, tó wá yà wọ́n kúrò lára ilẹ̀kùn àti àga. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń rú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èdè náà lójú gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a jọ tú u wò.

Jẹ́ńdà ni àwọn onígírámà ń pè é. Orúkọ yẹn gan-an ń ṣi èèyàn lọ́nà, torí ọkàn ẹni á kọ́kọ́ lọ sórí akọ àti abo. Nínú èdè Swídìn òde òní, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ inú èdè náà pín sí agbo méjì, agbo “en” àti agbo “ett”. Bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ẹyọ kan, agbo tí ọ̀rọ̀ náà wà ló máa sọ èyí tí a ó lò. Agbo “en” ló pọ̀ jù: nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin, á tó mẹ́ta tó wà níbẹ̀.

Láyé àtijọ́, agbo mẹ́ta ló wà: akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Nígbà tó yá, akọ àti abo wọnú ara wọn, wọ́n di “en”. Ẹ̀kẹta dá dúró, òun ni “ett”. Ipa ti àtijọ́ kò tíì parẹ́ tán. Bí ẹ bá bi ará Swídìn pé aago mélòó ló lù, ó ṣì lè dá yín lóhùn pé “Hon är tre”. “Hon” yìí, obìnrin ni wọ́n ń fi pè. Inú agbo abo ni aago wà nígbà kan rí, wọn ò sì tíì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lẹ́nu.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá ò ní irú nǹkan báyìí. “Ó” kan náà la fi ń pe bàbá, ìyá, ewúrẹ́ àti òkúta. Síbẹ̀, a ní ohun kan tó jọ ọ́, kì í kàn ṣe inú gírámà ló wà, inú ohùn ni. Ẹ wo igbá tí a fi ń bu omi, igba tó jẹ́ iye, àti ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ta ló kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ yìí láìsí ohùn lórí rẹ̀, tó wá ní òun á fi ohùn kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Láti ẹnu ìyá ni ohùn ti wà nínú ọ̀rọ̀. Bí “en” àti “ett” ṣe rí fún ọmọ Swídìn nìyẹn. Kò kọ́ “bord” kó tó wá kọ́ “ett”. “Ett bord” ló gbọ́ látìgbà tó ti lajú sáyé. Ohun tí mo bá ní í sọ kò ju èyí lọ: ẹ ka “en” tàbí “ett” sí ara ọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe ka ohùn sí ara igbá.

Ó sì máa ń yí ìtumọ̀ padà nígbà míì, bí ohùn ṣe ń yí i. “En val” ni àbùùbùtán inú òkun. “Ett val” ni ìdìbò. Àkọtọ́ kan náà, ìró kan náà. “En lag” ni òfin, “ett lag” ni ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Irú wọn kò pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti rí àbùùbùtán àti ìdìbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ní fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ agbo mọ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti wá le ni pé agbo kì í jókòó sí ojú kan. Ó máa ń rìn káàkiri gbólóhùn. Ẹ jẹ́ ká mú tábìlì tó kọ́kọ́ dá mi lágara yẹn:

“Jag har köpt ett stort bord. Bordet är gammalt, men det är mitt.”

Mo ti ra tábìlì ńlá kan. Tábìlì náà ti gbó, ṣùgbọ́n tèmi ni. Ẹ wá ka ibi tí “t” ti yọjú nítorí tábìlì: “ett”, “stort”, “bordet”, “gammalt”, “det”, “mitt”. Ibi mẹ́fà. (“Köpt” náà ní “t” tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn, tábìlì kọ́ ló fún un.) Ẹ wá gbé tábìlì kúrò, kí ẹ gbé àga síbẹ̀:

“Jag har köpt en stor stol. Stolen är gammal, men den är min.”

Ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló yí padà. Ẹni tó bá ṣi “en” pè fún “ett” ní ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Yóò máa tẹ̀ lé e títí dé òpin ọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo “bordet” àti “stolen” yẹn dáadáa. Láti sọ “tábìlì náà”, ará Swídìn kì í fi ọ̀rọ̀ mìíràn síwájú bí Òyìnbó ṣe ń ṣe nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń lẹ àmì agbo mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ni: “en stol” di “stolen”, “ett bord” di “bordet”. Àfòmọ́ ni irú àmì bẹ́ẹ̀. Níbí, ọ̀nà ti là fún ọmọ Yorùbá, torí ẹ̀yìn làwa náà ń fi “náà” sí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé “náà” tiwa dá dúró, tiwọn lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ pinpin.

Ìtura kan tún wà nínú agbo “ett”. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá parí sí kọ́ńsónáǹtì, ó sábà máa ń wà bó ṣe wà bí ó bá di púpọ̀. “Ett hus”, ilé kan. “Två hus”, ilé méjì. “Ett barn”, ọmọ kan. “Två barn”, ọmọ méjì. Ṣé ẹ rí i pé bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn? Àwọn tó parí sí fáwẹ́lì ń gba “n”: “ett äpple”, “två äpplen”. Agbo “en” ló ní ìrùkèrúdò tirẹ̀, “lampor” fún àtùpà, “bilar” fún ọkọ̀, “katter” fún ológbò, ìyẹn sì tó ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Bí nǹkan bá ti pọ̀, agbo méjèèjì ń lo “stora” (ńlá) àti “mina” (tèmi) kan náà, èèyàn á sì sinmi díẹ̀.

Ṣé ọ̀nà wà láti mọ agbo ọ̀rọ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ há a sórí? Díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí “-ning”, “-het” tàbí “-tion”, “en” ni: “en tidning” ni ìwé ìròyìn, “en station” ni ibùdókọ̀ rélùwéè. Èyí tó parí sí “-a” sábà máa ń jẹ́ “en”, àfi pé ojú, etí àti ọkàn ta kò ó: “ett öga”, “ett öra”, “ett hjärta”. Ènìyàn àti ẹranko, “en” ni wọ́n ń gbà jù, síbẹ̀ ọmọ jẹ́ “ett barn”, àgùntàn jẹ́ “ett får”, kìnnìún jẹ́ “ett lejon”. Nítorí náà, mi ò gbára lé òfin wọ̀nyí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó dùn mí nípa ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ orí fóònù ni pé ìhòòhò ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ẹ ó rí “bord” lápá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ lápá kejì, ẹ ó fi ìka so wọ́n pọ̀, wọ́n á yìn yín, ẹ ó sì kọjá. Lójú mi, ẹ ò tíì kọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó ní svenska.se, níbi tí Svenska Akademien, ẹgbẹ́ tí Ọba Gustav III dá sílẹ̀ ní 1786, kó àwọn ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni SAOL, tó kọ́kọ́ jáde ní 1874. Ìwé mìíràn tún wà tó ń jẹ́ Lexin, tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú, tó ní ìtumọ̀ sí èdè bíi Lárúbáwá àti Sòmálì. Ẹni tó ń wá ẹ̀kọ́ tó tò lẹ́sẹẹsẹ láìsan owó, kó wá Learning Swedish tí Svenska institutet, iléeṣẹ́ ìjọba Swídìn kan, ṣe.

Bí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sórí káàdì kan: “ett bord, bordet, bord, borden”. Tábìlì kan, tábìlì náà, tábìlì púpọ̀, àwọn tábìlì náà. Ẹ má jẹ́ kí “-en” inú “borden” tàn yín jẹ, ọ̀pọ̀ ló ń tọ́ka sí, kò sọ tábìlì di ará agbo “en”. Kí ẹ sì kà á sókè. Ẹnu ló yẹ kó mọ̀ ọ́n kí orí tó mọ̀ ọ́n.

Bírò méjì ni mo ń lò ní tèmi, búlúù fún “en”, pupa fún “ett”. Mo gé ìwé pélébé-pélébé, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo nǹkan tó wà nílé ìdáná. “En kniv” wà lára ọ̀bẹ, “en sked” lára ṣíbí, “en tallrik” lábẹ́ abọ́, gbogbo wọn búlúù. “Ett glas” àti “ett fönster” ní àwọ̀ pupa. Oṣù méjì ni wọ́n fi wà níbẹ̀, omi ti pa èyí tó wà lára ife rẹ́.

Lánàá, ooru mú, mo lọ ṣí fèrèsé. Mo ṣẹ́jú, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé “Fönstret är öppet”, fèrèsé ti ṣí. “T” méjèèjì pé síbẹ̀, mi ò sì wo ìwé tó wà lára rẹ̀.