Ìgbèrú lẹ́yìn ọgbẹ́ ọkàn: ohun tó jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìparí ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, wákàtí tí èèyàn ti máa ń lọ jókòó ti olùtọ́jú rẹ̀ yóò pé, kò sì ní síbi tó ń lọ mọ́. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè máa ń dé: ṣé mo ti wá sàn báyìí? Tí mo bá ti sàn, kí ló dé tí àyà mi ṣì ń já tí ẹnì kan bá pa ilẹ̀kùn dé gbàmù? Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan lónìí.

Ọgbẹ́ ọkàn ni ohun tó ń ṣẹ́kù sí èèyàn lára lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ju agbára rẹ̀ lọ: jàǹbá ọkọ̀, ogun, ìfipábánilòpọ̀, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní kékeré. Ní 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi àìsàn tó lè tìdí rẹ̀ yọ, èyí tí wọ́n ń pè ní PTSD, sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. Ó tó bí ọdún 15 sí i kí onímọ̀ méjì ní yunifásítì North Carolina tó wà ní Charlotte, Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, tó sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà lórúkọ. Posttraumatic growth ni wọ́n pè é. Èmi ń pè é ní ìgbèrú lẹ́yìn ọgbẹ́ ọkàn, ìyẹn ìyípadà sí rere tó ń bá èèyàn níbi tó ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ní 1996 wọ́n gbé gbólóhùn 21 jáde tí èèyàn lè fi wọn ara rẹ̀ wò, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n sì pín in sí: àjọṣe pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ọ̀nà tuntun tó ṣí sílẹ̀, agbára tí èèyàn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ní, ìgbàgbọ́, àti mímọ rírì ayé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibi tí mo ti sọ pé "níbi tó ti ń jìjàkadì". Ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú náà kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn kankan. Kí ó tó ṣẹlẹ̀, kálukú wa ló ní ohun tó gbà gbọ́ láì bi ara rẹ̀ léèrè: pé ọ̀nà yìí kò léwu, pé ẹni tó fẹ́ràn mi kò ní pa mí lára, pé tí mo bá ṣe dáadáa, dáadáa ni yóò bá mi. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà á fọ́ gbogbo rẹ̀ yángá. Ìrònú tó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀lé e kì í kanlẹ̀kùn. Á já wọlé lóru, á já wọlé lẹ́nu iṣẹ́, á bá èèyàn nídìí oúnjẹ. Iṣẹ́ ńlá tí ìtọ́jú ń ṣe ni pé ó ń sọ ìrònú ajáwọlé yìí di àlejò tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fún ní ìjókòó, tó sì ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi gan-an? Kí ni mo ṣì lè fọkàn tán? Inú ìwádìí yẹn ni ìgbèrú ti ń hù, tó bá máa hù.

Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé. Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ púpọ̀. Irú èyí tí Patricia Resick, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀, bí àpẹẹrẹ, ìjókòó 12 ló sábà máa ń gbà. Ìgbésí ayé ojoojúmọ́ ló gba ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú kì í nu ẹ̀rù àtijọ́ kúrò nínú ọpọlọ. Ẹ̀kọ́ mìíràn ló ń kọ́ ọpọlọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́: pé ìró yìí kò léwu mọ́. Ivan Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, ti kíyè sí i lára àwọn ajá rẹ̀ pé ìṣesí tí ajá ti fi sílẹ̀ pátápátá tún lè padà lẹ́yìn tó bá sinmi fúngbà díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún kọ́ ọ. Báyìí náà ni ẹ̀rù rí. Tí èèyàn bá dé ibi tuntun, tí ìgbà bá ti pẹ́ díẹ̀, tí àárẹ̀ tàbí ìdààmú bá mú un, ẹ̀kọ́ àtijọ́ lè tún gbẹ́nu sókè. Ìdí nìyẹn tí ohun tí èèyàn kọ́ nínú yàrá olùtọ́jú fi gbọ́dọ̀ di ohun tó ń dánra wò nínú ọkọ̀, lójú pópó àti láàárín èrò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tó gba ìtọ́jú ṣì lè ta gìrì. Àmọ́ á ráyè wolẹ̀ dáadáa, á sì rí i pé ekòló ni.

Nítorí náà, mi ò gbà pé bóyá ẹ̀rù ṣì ń ba èèyàn ló yẹ ká máa bi í. Ẹ bi í pé: báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ara rẹ tó balẹ̀? Tẹ́lẹ̀, ìró kan á ba odindi ọjọ́ jẹ́. Ní báyìí, ogún ìṣẹ́jú, ó ti padà sídìí ohun tó ń ṣe. Òmíràn tí mo ka sí gan-an ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Ọgbẹ́ ọkàn máa ń mú kí èèyàn gbà pé òun kò ní pẹ́ láyé, kò sì ní dáwọ́ lé ohunkóhun tó jìnnà. Ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọdún méjì, ọjọ́ ńlá ni, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ bá a yọ̀.

Ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ: ìgbèrú yìí lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn tí ó ti mọ́ lára pé èèyàn ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo nǹkan yóò gbọ́ "rárá" lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á ní ó ti yí padà. Lóòótọ́ ló ti yí padà. Ọ̀rẹ́ mìíràn lè lọ. Ìbànújẹ́ sì lè dé lórí àwọn ọdún tí ọgbẹ́ náà ti jẹ. Ẹni tó ń sunkún lórí ọdún tó sọnù lè máa gbèrú lọ́wọ́lọ́wọ́; ojú àpá kò lè jọ ojú ara, síbẹ̀ ara ti jinná.

Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí di dandan. Ní 2009, Patricia Frazier, òun náà onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wò ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbèrú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ìyípadà tó hàn nínú ìwọ̀n mu. Ẹnu lè sọ ohun tí ọkàn ń fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, pàápàá tí gbogbo èèyàn bá ń retí ìtàn ìṣẹ́gun. Ẹni tó ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣe léṣe pé "ó yẹ kó o dúpẹ́, ó ti sọ ẹ́ di akin", ẹrù kejì ló ń gbé lé e lórí. Ọ̀pọ̀ ló sàn, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọn kò sì rí ìgbèrú kankan tọ́ka sí. Ìwòsàn tiwọn náà pé.

Tí èèyàn kò bá rí oorun sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwọn ibi tó ti ń lọ, tàbí tí ọtí bá ti di ohun tó fi ń sùn, kó padà sọ́dọ̀ olùtọ́jú. Tó bá jẹ́ ìrònú àtipa ara ẹni ló dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó wá ìrànlọ́wọ́, kó má ṣe dá wà. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú máa ń bá èèyàn kọ ìwé pélébé kan kí wọ́n tó pínyà: àwọn ohun tó máa ń ta ọgbẹ́ náà jí, àwọn àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọjú, ohun tó ti ràn án lọ́wọ́ rí, orúkọ ẹni méjì tó lè pè lóru. Ẹni tí kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí ara bá tù ú, kó sì fi síbi tí ọwọ́ ti lè tó o nínú òkùnkùn.