Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ gíga ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Bóyá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń ṣe ẹni tó ní ìmọ̀ gíga lẹ́nu iṣẹ́ ní àǹfààní jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà pípẹ́. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn olùkọ́ fásitì, dókítà àti nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba.

Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àtúnṣe tí wọ́n sì ṣe sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 2005 sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Ilé-ẹjọ́ máa ń ka òṣìṣẹ́ kékeré mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ àfi tó bá kọ̀wé pé òun kò ṣe, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́, kí wọ́n tó lè yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù rẹ̀.

Ohun tí àwọn alátakò sábà máa ń sọ ni pé ẹgbẹ́ ń fa owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sún mọ́ra. Ìwádìí tí David Card, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, gbé jáde ní 1996 lórí àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà fi hàn pé owó àwọn tí ìmọ̀ọ́ṣe wọn kéré ni ẹgbẹ́ ń gbé sókè jù. Síbẹ̀, àdéhùn ẹgbẹ́ kò fi dandan dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ta yọ: iye tó kéré jù tí a lè san ni ẹgbẹ́ àwọn òṣèré fíìmù ní Amẹ́ríkà ń là kalẹ̀, gbajúmọ̀ òṣèré sì lè béèrè ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìjọba níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpele owó oṣù kan náà ni ti ọ̀jáfáfá àti ti ẹni tó kàn ń wá fọwọ́ síwèé lárààárọ̀.

Àǹfààní tó hàn gedegbe wà nínú àwọn ohun tí ẹnì kan kò lè dá béèrè. Títí di 2021, 5,000 náírà lóṣù ni ìjọba àpapọ̀ ń san fún dókítà gẹ́gẹ́ bí owó àjẹmọ́nú ewu iṣẹ́. NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe lọ́wọ́, yanṣẹ́ lódì fún nǹkan bí oṣù méjì lọ́dún náà, ìjọba sì fi kún owó ọ̀hún kí ọdún tó parí. Bó ti wù kí ọwọ́ dókítà kan dá tó nínú iṣẹ́ abẹ, kò lè dá ṣe èyí. Lẹ́yìn àdéhùn tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2009 ni òfin kan jáde ní 2012 tó sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fásitì sí 70 ọdún.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. FUTA, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni fásitì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá àti fásitì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà nílùú Oǹdó. Àdéhùn Àbújá kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí àfi bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá gbà láti mú un lò, èyí tó túmọ̀ sí pé olùkọ́ méjì tó ń san owó ẹgbẹ́ kan náà lè má jèrè rẹ̀ bákan náà.

Ìnira tó tóbi jù ni ìyanṣẹ́lódì. Abala 43 nínú òfin aáwọ̀ òṣìṣẹ́ gbà kí agbanisíṣẹ́ má san owó ọjọ́ tí ènìyàn kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ASUU yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, ìjọba àpapọ̀ dá owó oṣù dúró; ní 2023 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí i kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀. Olùkọ́ tó ní iṣẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè fara dà á, ṣùgbọ́n ìyà ń jẹ ẹni tó gbójú lé owó oṣù nìkan.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ilé fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun sábà máa ń dá ṣe àdéhùn tiwọn ni, láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn wọn. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ sì lè gbé agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, àmọ́ òun nìkan ni yóò san owó agbẹjọ́rò.