Danmaku: ọta kún ojú ẹ̀rọ, síbẹ̀ àyè wà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí DoDonPachi, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Cave ti ilẹ̀ Japan ṣe ní 1997, á ní kò sí ọmọ ènìyàn tó lè yè é. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan wà nísàlẹ̀, ọta aláwọ̀ píǹkì àti búlúù sì ń ya bọ̀ látòkè títí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí èèyàn lè sá sí. Danmaku ni àwọn ará Japan ń pè é. Ọ̀rọ̀ àwọn ológun ni: "dan" ni ọta, "maku" ni aṣọ ìkélé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn pọ̀ nínú ohun tí ojú ń rí yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́, bí ọta bá fi lásán kan ìyẹ́ ọkọ̀ yín, ó ti tán. Nínú danmaku, ojú kékeré kan láàárín ọkọ̀ nìkan ni ikú rẹ̀ wà. Ọta lè gba orí ìyẹ́ kọjá, kó má ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àwọn ọta náà kì í sì í yára, ojú lè tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Nínú DoDonPachi, tí ẹ bá tún tẹ bọ́tìnnì ìbọn mọ́lẹ̀ láìjọ̀wọ́ rẹ̀, ìbọn á di iná gbọọrọ, ọkọ̀ á wá rọra máa rìn, ẹ ó sì lè yọ́ gba àlàfo tó há gádígádí.

Batsugun, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Toaplan ti ilẹ̀ Japan ṣe ní 1993, ti tọ́ irú rẹ̀ wò ṣáájú. Ọdún kejì ni Toaplan wó. Ọdún yẹn náà ni Cave bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Toaplan kan sì lọ síbẹ̀, Tsuneki Ikeda tó ń kọ ètò géèmù wà lára wọn. DonPachi, tó ṣáájú DoDonPachi, jáde ní 1995.

Lójú tèmi, ọgbọ́n ọjà ló wà nídìí ẹ̀. Inú ilé géèmù ni wọ́n ti ń ṣe é, owó ẹyọ 100 yen ni wọ́n sì ń jù sínú ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ni ẹ̀rọ fẹ́ kí oníbàárà tètè kú. Oníbàárà kò sì ní padà wá bó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Nínú danmaku, ẹni tó kú mọ̀ pé àlàfo wà, òun ni kò gbà á.

Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: bí ọta bá pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ, géèmù á falẹ̀. Àléébù ni, àmọ́ àsìkò yẹn gan-an làwọn tó ń ṣe géèmù náà ń rójú yẹ ọta. Bí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ ilé tí kò sì falẹ̀ mọ́, ariwo wọn á gba ìlú kan.