Ọkọ̀ tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń wá

Wọ́n ní kí ọkọ̀ ojú omi máa sọ ibi tó wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ẹnì kan ló jókòó sí èbúté tó ń ṣọ́ gbogbo ọkọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ètò AUSREP, tí ọkọ̀ fi ń jábọ̀ ibi tó wà, tí Ọsirélíà gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ Blythe Star rì, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọkọ̀ akẹ́rù abẹ́lé ni Blythe Star. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ó kó ajílẹ̀ àti àgbá bíà ní ìlú Hobart, ní erékùṣù Tasmania ti Ọsirélíà, ó forí lé erékùṣù King Island. Ìwọ̀-oòrùn Tasmania ló gbà. Ó dojú dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ráyè ké gbàjarè lórí rédíò, àwọn mẹ́wàá tó wà nínú rẹ̀ sì bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ kò mọ̀ bóyá ìlà-oòrùn ló gbà ni àbí ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n wá wọn títí, wọn ò rí wọn. Ó tó ọjọ́ kọkànlá kí díẹ̀ nínú wọn tó fẹsẹ̀ rìn jáde nínú igbó etíkun láti wá olùrànlọ́wọ́. Mẹ́ta ti kú.

Ohun tí AUSREP ní kí ọkọ̀ ṣe nígbà náà kò le. Kó tó gbéra, á sọ ibi tó ń lọ, ọ̀nà tó máa gbà, àti aago tí yóò máa jábọ̀ lójoojúmọ́. Tó bá yà kúrò lọ́nà, á sọ. Tó bá gúnlẹ̀, á sọ; àbọ̀ ìkẹyìn nìyẹn.

Àbọ̀ tó bá wọlé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Èyí tí kò bá wọlé ló ń gbé èèyàn dìde. Ìyá tó rán ọmọ níṣẹ́ kì í tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìgbà tó yẹ kó ti dé tí kò dé ni ara ìyá kì í gbà á mọ́. Bó bá sì mọ ọ̀nà tí ọmọ gbà, kò ní máa wá a káàkiri ìlú. Àmọ́ ọmọ tó ti padà dé tó yà sílé ọ̀rẹ́ láìjíṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa dà láàmú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń le mọ́ àbọ̀ ìkẹyìn.

Ọkọ̀ tó ń sáré máìlì òkun 10 ní wákàtí kan á ti rin 240 láàárín àbọ̀ méjì. Ọ̀nà yẹn gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kì í ṣe odindi òkun. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá rì kété lẹ́yìn tó jábọ̀, ìgbì lè máa gbé àwọn èèyàn rẹ̀ kiri fún odindi ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ní 2013, ètò tuntun tó ń jẹ́ MASTREP gba ipò AUSREP. Ẹ̀rọ AIS inú ọkọ̀ ló ń sọ ibi tó wà fúnra rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ síra wọn, tí sátẹ́láìtì àti ilé rédíò etíkun ń gbà á. Ìyẹn yá ju àbọ̀ ojoojúmọ́ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè dákẹ́ torí pé ó bàjẹ́, torí pé wọ́n pa á, tàbí torí pé ohùn rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ǹ bá fi àbọ̀ ìkẹyìn yẹn sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí atukọ̀ wọn ò pọ̀.